Owó Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì Fi Ń Dé Oyè Ọ̀mọ̀wé: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara àti Gbogbo Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé

Láti Ẹ̀rìn-Ilé, nítòsí Ọ̀fà.
Sí Gómìnà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara. Sí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Kwara ní Àbújá. Sí Kábíyèsí Ẹlẹ́rìn ti Ẹ̀rìn-Ilé àti àwọn ìjòyè. Sí gbogbo ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé nílé, lóko àti lẹ́yìn odi.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ ló kéré jù nínú ohun tí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ọdún mẹ́ta ni ó yá jù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi parí rẹ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ló sì ń lo márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wà lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti tó ẹni tí òbí ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn ti ṣe ìgbéyàwó, ó ti bímọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹun, kó sanwó ilé, kó wọkọ̀ lọ sí oko tí ó ti ń ṣe àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn tàbí sí ilé ìwòsàn tí ó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, kó sì ra kẹ́míkà tó ń ti òkè òkun wọlé. Kẹ́míkà yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,500. Ìgò kẹ́míkà tí iye rẹ̀ kò yí padà ní Jámánì ti di ìlọ́po mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ tó ń fi náírà rà á ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà, ìdílé tó lè fi owó oko tàbí owó ọjà nìkan gbé ọmọ dé oyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì ṣọ̀wọ́n ní Ẹ̀rìn-Ilé, bó ṣe ṣọ̀wọ́n ní ìlú mìíràn.

Owó tó ń gbé irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wà, kò sì kéré. Ohun tó yẹ kí àwọn aláṣẹ àti àgbà ìlú mọ̀ ni ibi tí owó náà ti ń wá, ẹni tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó ń fò dá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó ìwádìí. Ibùdó ìwádìí kì í fúnni ní oyè. Yunifásítì ló ń fúnni. Akẹ́kọ̀ọ́ a forúkọ sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Ìlọrin tàbí òmíràn, á wá lọ ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ibùdó tó ní ẹ̀rọ àti oko tí yunifásítì kò ní. Ẹni méjì ló sábà máa ń tọ́ ọ sọ́nà: ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, onímọ̀ kan ní ibùdó. Ibùdó tó lókìkí jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni IITA, ibùdó àgbáyé fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 pẹ̀lú owó àjọ Ford àti àjọ Rockefeller, lórí ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà. Ìbàdàn náà ni CRIN tó ń ṣe ìwádìí kòkó wà, àti FRIN tó ń ṣe ti igbó, àti NIHORT tó ń ṣe ti èso àti ẹ̀fọ́. Kwara náà kò ṣófo. Olú ilé-iṣẹ́ NSPRI, tó ń wádìí bí irè oko ṣe lè pẹ́ nípamọ́ láìjẹ́ kí kòkòrò bà á jẹ́, wà ní Ìlọrin; NCAM, tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìdófìàn. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé láàárọ̀ yóò dé ibi méjèèjì kí oòrùn tó mú.

Ọ̀nà tó dájú jù tí owó ń gbà dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí tó ti lówó nílẹ̀. Nígbà tí onímọ̀ bá ń kọ̀wé béèrè owó lọ́dọ̀ àjọ ńlá, inú ìṣirò tó fi ránṣẹ́ ni owó akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kan tàbí méjì ti máa ń wà: owó oṣooṣù, owó ilé-ẹ̀kọ́, owó kẹ́míkà. Àpẹẹrẹ kan ni iṣẹ́ ìwádìí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní NextGen Cassava. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló ṣíwájú rẹ̀, owó àjọ Gates àti ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e, IITA àti ibùdó ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní Umudike sì wà lára àwọn tó ṣe é. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo ilé ní Ẹ̀rìn-Ilé ń fi ṣe gàrí àti láfún ni wọ́n tún irú rẹ̀ ṣe níbẹ̀, títọ́ ọ̀dọ́ onímọ̀ sì jẹ́ ara iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá àyè kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí ibùdó bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Onímọ̀ kan pàtó ló yẹ kó kọ̀wé sí, lẹ́yìn tó ti ka ohun tí onímọ̀ náà tẹ̀ jáde. Kó bi í bóyá iṣẹ́ tó ní owó akẹ́kọ̀ọ́ nínú ń lọ lọ́wọ́, bóyá owó náà kan ti ilé-ẹ̀kọ́, àti ọjọ́ tí yóò parí. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè nípa ọjọ́ yìí, òun ló sì ń dunni jù. Iṣẹ́ tó ní owó ọdún mẹ́ta kì í dúró de oyè tó gba ọdún márùn-ún. Nígbà tí owó bá tán, akẹ́kọ̀ọ́ a ti kó gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ jọ, kò sì ní rí ohun tí yóò jẹ títí tí yóò fi kọ ìwé rẹ̀ tán. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń padà sílé, tí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á wà nínú kọ̀ǹpútà láìrí ẹni lò ó.

Owó ìjọba tó tóbi jù fún ẹ̀kọ́ gíga ni ti TETFund. Ìjà àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, ló bí i. Òfin ọdún 1993 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà máa san ìdá 2 nínú 100 èrè wọn fún ẹ̀kọ́. Òfin ọdún 2011 wá yà á sọ́tọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ó sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí. Òfin ọdún 2021 sọ ìdá náà di 2.5, ti 2023 sì sọ ọ́ di 3. Òfin owó orí ti 2025 fi owó ìdàgbàsókè tó jẹ́ ìdá 4 rọ́pò rẹ̀ láti 2026, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti TETFund. Owó tó pọ̀ ni, ó sì ti ṣe rere: ní Kwara, Yunifásítì Ìlọrin, KWASU tó jẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Màlété, àti Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀fà wà lára àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ há. Owó tó wà nínú TETFund fún gbígba oyè, olùkọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún. Ọmọ tó gba ipò kìíní nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, tí kò tíì ríṣẹ́, kò sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìwádìí ní NSPRI tàbí IITA gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lásán kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ní owó oṣù ni a ń fún lówó. Ẹni tí kò ní ni a ní kó lọ wá iṣẹ́ ná. Bẹ́ẹ̀ yunifásítì tó ń gba olùkọ́ tuntun, ẹni tó ti ní oyè ọ̀mọ̀wé ló sábà máa ń wá. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ọmọ tálákà tó mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáwọ́, kì í ṣe nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e.

Ní ìparí ọdún 2024, TETFund kéde pé òun dá apá tó ń rán olùkọ́ lọ sí òkè òkun dúró láti oṣù kìíní 2025, nítorí dọ́là tó wọ́n àti àwọn tó lọ tí wọn kò padà. A lè lóye ìpinnu yìí. Ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni kí apá kan nínú owó tó kù wá sí abẹ́lé, sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́. TETFund ní owó ìwádìí àpapọ̀, NRF, tí àwọn olùkọ́ ń kọ̀wé béèrè. Bí ìlànà rẹ̀ bá sọ ọ́ di dandan pé kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé kan, ó kéré tán, tí kò ní owó oṣù níbì kankan, ẹnu ọ̀nà náà yóò ṣí láìsí pé a yí òfin kankan padà. Iṣẹ́ àwọn aṣòfin Kwara ní Àbújá ni láti gbé èyí dé iwájú àwọn tó ń kọ ìlànà náà.

Owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. PTDF, tí òfin ọdún 1973 dá sílẹ̀ láti inú owó epo rọ̀bì, ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nílé àti lókè òkun, kò sì béèrè pé kí wọ́n jẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó bá kan epo, gáàsì àti ohun tó so mọ́ ọn ló ń wá. NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, náà ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ náà ní ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ètò tí ìjọba fi ń rán ọmọ lọ sí orílẹ̀-èdè tó bá Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé ni ìjọba fòpin sí ní 2025, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ó yẹ kí ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kọ́kọ́ ṣíjú sí ni àwọn ètò tó wà ní Áfíríkà fúnra rẹ̀, nítorí kò wọ́n láti dé ọ̀dọ̀ wọn, oyè wọn sì níyì. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá Pan African University sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ fún ìmọ̀ ìwàláàyè àti ilẹ̀, PAULESI, sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá mú níbẹ̀ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún un ní owó oṣooṣù. Ìmọ̀ bíi mímú irú ohun ọ̀gbìn dára, ewéko oògùn àti ìtọ́jú àyíká wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́. Èyí gan-an ni ìmọ̀ tí ìlú àgbẹ̀ ń wá.

Ní Àkúrẹ́, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ló gba ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé nípa ojú ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lálejò lábẹ́ WASCAL, ètò tí ìjọba Jámánì ń gbé owó rẹ̀. Wọ́n ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Abomey-Calavi ní Benin pẹ̀lú. Ní Ẹdẹ, lọ́nà Òṣogbo, ibùdó ìwádìí àbùdá kòkòrò àrùn tí a mọ̀ sí ACEGID wà ní Yunifásítì Redeemer. Ibẹ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ka àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò Kòrónà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2020, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà rí aláìsàn àkọ́kọ́. Yunifásítì aládàáni ni Redeemer, olùkọ́ rẹ̀ kò lè fọwọ́ kan owó TETFund. Owó Báńkì Àgbáyé fún àwọn ibùdó ìmọ̀ àṣeyọrí Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wà lára ohun tó gbé ACEGID dé ibi tó dé. Gbèsè tí Nàìjíríà yóò san padà sì ni owó náà, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ètò tó yẹ kí ìjọba Kwara wò dáadáa ni ti WACCI, ibùdó tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń tún irú ohun ọ̀gbìn ṣe, ní Yunifásítì Ghana, Legon, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo ọdún méjì ní Legon, kó tó padà sí ibùdó ìwádìí orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ lo ọdún mẹ́ta tó kù lórí ohun ọ̀gbìn tí àwọn àgbẹ̀ tirẹ̀ ń gbìn. Owó ń tẹ̀ lé e padà sílé. Kò sí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé onímọ̀ lọ kò padà, nítorí ilé ni oko ìwádìí rẹ̀ wà. Ní Nairobi, icipe, ibùdó ìwádìí kòkòrò tí Thomas Odhiambo dá sílẹ̀ ní 1970, ní ètò ARPPIS fún ìmọ̀ kòkòrò láti 1983, àjọ DAAD ti Jámánì sì wà lára àwọn tó ń sanwó akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tí yóò pa kòkòrò inú àgbàdo ní NSPRI ní ohun tó lè bá wọn sọ níbẹ̀.

Òkè òkun náà ṣì ṣí sílẹ̀. Ètò Commonwealth ti Gẹ̀ẹ́sì, tó ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti 1960, ní ẹ̀yà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé tó ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ fi ń lọ lo àkókò kan ní láàbù ní Britain, tí yóò sì gba oyè rẹ̀ nílé. Ó bá ọmọ tó ní ìyàwó àti ọmọ mu ju lílọ ọdún mẹ́rin lọ. TWAS, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1983, ń bá àwọn orílẹ̀-èdè bíi Íńdíà gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibùdó ìwádìí wọn. Ìjọba Ṣáínà ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ní owó oṣù, ibùgbé àti ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù ní ìrànwọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, Nàìjíríà sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún àwọn obìnrin, Faculty for the Future ti àjọ Schlumberger ti ń gbé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti 2004, L'Oréal àti UNESCO sì ń fún ọ̀dọ́bìnrin tó wà lẹ́nu oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀bùn lọ́dọọdún ní Áfíríkà. Kò yẹ kí òbí kan ní Ẹ̀rìn-Ilé sọ fún ọmọbìnrin tó mọ ìwé pé kó dúró ná kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe tirẹ̀ tán. Owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ohun kan wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn: kí owó tó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti náwó. Yóò san owó ìwé àbájáde ìdánwò ní yunifásítì tó ti jáde, owó páásípọ́ọ̀tù, owó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò, owó ọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Àbújá fún físà. Lápapọ̀ kò tó ìnáwó ìgbéyàwó kan ní ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ kì í ní in lọ́jọ́ tí ó yẹ kó ní in. Ọjọ́ ìparí á kọjá. Nígbà mìíràn àyè ti wà, lẹ́tà onímọ̀ ti wà, ìwé àbájáde ìdánwò ni kò jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kẹ́kọ̀ọ́. Èyí náà ń dunni gan-an, nítorí owó díẹ̀ àti ọ̀lẹ ọ́fíìsì ló ń dí ohun ńlá lọ́wọ́.

Lẹ́tà yìí béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara. Àkọ́kọ́ ni kí ó dá owó ìwádìí ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀, kó má pọ̀, kó sì dájú: akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún lọ́dún, tí yóò forúkọ sílẹ̀ ní KWASU tàbí Yunifásítì Ìlọrin, tí yóò sì ṣe ìwádìí ní NSPRI tàbí NCAM lórí ohun tó kan Kwara, bíi iṣu tó ń jẹrà nínú àká, àgbàdo tí kòkòrò ń lu, ẹ̀rọ tó lè bó ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Kí owó náà jẹ́ ti ọdún mẹ́rin, kí ọdún tó kẹ́yìn lè jẹ́ ti kíkọ ìwé. Ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe ètò kan láti 1981, tí wọ́n ń pè ní CIFRE: ilé-iṣẹ́ a gba akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé síṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ìjọba a sì san apá kan nínú owó oṣù rẹ̀. Kwara lè bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra irè oko níbí sọ irú rẹ̀. Èkejì kò gba owó púpọ̀: kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ máa fi ìwé àbájáde ìdánwò ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá san owó rẹ̀, kí ẹnìkan sì wà tí yóò dáhùn bí kò bá lọ.

Ohun tí ó kan Ẹ̀rìn-Ilé fúnra rẹ̀ ni owó kéékèèké tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ná kí owó àjọ tó jáde. Ilẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí kí ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́. Ní Ọ̀fà tó múlé tì í, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe é fún wọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà káàkiri ìlú, àwọn ènìyàn sì mọ bí a ṣe ń yá owó tí a ó san padà. Àpò kan ni kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dá sílẹ̀, kí àwọn ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí orírun wọn jẹ́ Ẹ̀rìn-Ilé sì lè dá sí i bí wọ́n bá fẹ́. Kí ó jẹ́ owó yíyá tí kò ní èlé, fún ẹni tó bá mú lẹ́tà onímọ̀ tó gbà á wá. Kí ó máa san ìwé àbájáde, páásípọ́ọ̀tù, ìdánwò àti oúnjẹ oṣù méjì àkọ́kọ́ kí owó àjọ tó wọlé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ san án padà láàárín ọdún kan tí owó oṣù rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè lò ó.

Àwọn ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé tó ti gba oyè yìí, ní Ìlọrin, ní Èkó, ní Britain àti Amẹ́ríkà, ní ohun kan tí kò sí nínú àpò: wọ́n mọ bí ìwé ìbéèrè tó dára ṣe rí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gbà láti máa ka ìwé ọmọ ìlú méjì lọ́dún kí ọmọ náà tó fi ránṣẹ́, kó sì sọ òótọ́ fún un nípa rẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta bójú tó àpò náà, kí ọ̀kankan nínú wọn má ṣe jẹ́ ará ilé ẹni tó ń béèrè owó lọ́dún náà, kí wọ́n sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo ìlú ní ìpàdé ọdọọdún: orúkọ ẹni tó gbà, iye tó gbà, iye tó ti san padà.